Àwọn Abọ́ Tí Àǹtí Hassanat Fọ̀

Padova, Ítálì
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kejì, ọdún 2021

Àǹtí mi Hassanat,

Àsàlámù àlékùn. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí òtútù ti ń jẹ mí ní ìka ẹsẹ̀. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún yín ti jẹ́ kí ẹ gbádùn? Bàbá Onne, ọkọ yín, ńkọ́? Ẹ bá mi kí wọn dáadáa, kí ẹ sọ fún wọn pé aago tí wọ́n bọ̀ sí mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Òun ló wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

Ẹ ní ẹnu fóònù kì í dúró, pé ìwé ni èèyàn lè kà lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí àárò bá sọ ọ́. Mo ti gbọ́. Bàbá Onne á tẹ̀ ẹ́ jáde fún yín. Ẹ má kàn fi Yorùbá mi ṣẹ̀sín, torí ẹ̀yin náà mọ̀ pé Mile One ni mo dàgbà sí, láàárín "abeg" àti "how far".

Ẹ bi mí pé iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe, pé àwọn oníbàárà yín kò yéé béèrè. Ilé iṣẹ́ tó ń sọ àjẹkù oúnjẹ di ilẹ̀dú ni mo wà. Gbogbo ilé níbí ló ní garawa tí wọ́n ń da èèpo, egungun àti àjẹkù sí. Ọkọ̀ á kó o wá bá wa, a ó kó o jọ gègèrè bí òkìtì, á sì máa gbóná fúnra rẹ̀ débi pé ooru á máa rú jáde lórí rẹ̀ láàárọ̀. Nígbà tó bá yá, á di ilẹ̀ dúdú tí àwọn àgbẹ̀ ń wá rà. Èmi wà lára àwọn tó ń ṣa ohun tí kò yẹ kó bá a débẹ̀ kúrò: ṣíbí irin, ọ̀rá, bàtà ọmọdé.

Abọ́ kan wà tó yà mí lẹ́nu. Ó jọ abọ́ fóòmù tí ẹ ń tà fún àwọn olóúnjẹ, ṣùgbọ́n pàǹtí ìrèké tí wọ́n ti fún omi rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Ìdérí rẹ̀ tó mọ́ gaara, àgbàdo ni wọ́n fi ṣe ìyẹn. Bí a bá da abọ́ yìí mọ́ àjẹkù, kò ní pẹ́ tí a ò fi ní rí i mọ́. Òfin sì wà níbí pé ẹni tó bá ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó tà á, òun ni yóò dá nínú owó tí wọ́n fi ń kó o jọ lẹ́yìn tí èèyàn bá ti jẹun tán nínú rẹ̀. Kò lè sọ pé ó ti kúrò lọ́wọ́ òun. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún wa, ìyá yín tó ń ta ẹ̀kọ ni mo rántí.

Ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Renzo ló ni ilé iṣẹ́ kékeré tó ń ṣe àwọn abọ́ náà. Ó fún mi ní páálí mélòó kan nínú èyí tó kù sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, mo sì ti fi ránṣẹ́. Bàbá Onne á bá yín gbà á jáde ní ibi iṣẹ́ wọn. Ẹ tà á, Àǹtí, kí ẹ sì fọkàn balẹ̀ sọ fún àwọn oníbàárà yín pé yóò jẹrà. Mo fi ojú mi rí i.

Kì í ṣe pé mo fi ń san oore yín o. Ta ló lè san án?

Ọmọ yín,
Bilkis

Mile One, Diobu, Port Harcourt
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù karùn-ún, ọdún 2021

Bilkis, Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi Jàmíù,

Wàá dàgbà, wàá dàgbà, ojú kò ní tì ọ́ ní ìlú onílùú. Àwọn abọ́ rẹ dé láyọ̀. Bàbá Onne ló gbé wọn wọlé, ó ń fẹ̀ bí ẹni pé òun ló ṣe wọ́n. Ó ti sọ fún gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń gba ẹrù ní èbúté Onne pé ọmọ òun ti di ọ̀gá àwọn tó ń sọ ìdọ̀tí di ilẹ̀ ní Yúróòpù. Mo ní kó rọra, pé ọmọ náà ní bàtà lòun ń ṣà.

Abọ́ náà wu àwọn èèyàn. Mama Chinda, obìnrin Ikwerre tó ń ta ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ páàkì, ló kọ́kọ́ rà. O mọ̀ ọ́n, òun ló máa ń bu ẹja kún oúnjẹ rẹ nígbà tí o bá ti ilé ìwé dé. Ó ní òun fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kì í rọ bí ọbẹ̀ bá gbóná.

O rántí ìyá mi, o ṣeun. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n á kiri ẹ̀kọ láàárọ̀, nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́ wọ́n á tún gbé agbọ̀n òfìfo, wọ́n á máa yà láti ilé dé ilé láti kó ewé wọn padà fún ewúrẹ́. Àwọn kan máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá mi á ní, "Ẹ̀kọ ni mo tà fún yín, n kò ta ewé." Kò sí àgbàlá kan ní àdúgbò wa tí ewé ẹ̀kọ ìyá mi sọ di ààtàn.

Nítorí náà, mo ti sọ fún gbogbo ẹni tó bá ra abọ́ rẹ pé bí wọ́n bá lò ó tán, kí wọ́n kó o padà wá bá mi. Mama Chinda ní ilẹ̀ kan ní Elelenwo, lẹ́yìn ilé wọn, níbi tó ń gbin ugwu sí. Ó ní kí n máa kó o lọ síbẹ̀ kó lọ jẹrà, kí ilẹ̀ òun lè jẹ oore. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, torí ilẹ̀ onílẹ̀ ni, ṣùgbọ́n o ní o fi ojú ara rẹ rí i.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ bi ọ́. O ní àgbàdo ni wọ́n fi ṣe ìdérí rẹ̀. Mo wá rò ó pé àgbàdo náà ṣáà ni ẹ̀kọ. Mo mú ọ̀kan fún àgbò tí Bàbá Onne ti rà sílẹ̀ de Iléyá. Àgbò náà gbóòórùn rẹ̀, ó wò mí lójú, ó sì yí ẹ̀yìn sí mi. Ṣé irú àgbàdo míì ni?

Gbogbo ọjà ló ń kí ọ. Nítorí pé n kò bímọ, o mọ̀ pé orúkọ rẹ ni wọ́n ń fi pè mí. Láti ọjọ́ tí abọ́ ti dé, "Mama Bilkis, Mama Bilkis" ni wọ́n ń pariwo ní iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń dùn mọ́ mi nínú.

Àǹtí rẹ,
Hassanat

Padova
Ọjọ́ kẹrin, oṣù keje, ọdún 2021

Àǹtí mi,

Mo ka ìwé yín lójú ọkọ̀ ojú irin, mo rẹ́rìn-ín títí obìnrin tó jókòó tì mí fi bi mí pé kí ló dé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún àgbò ní ìdérí mọ́. Ọgbọ́n rẹ̀ pọ̀ ju tiwa lọ.

Mo sọ fún Ọ̀gá Renzo pé ẹ̀yin ni aṣojú rẹ̀ ní Port Harcourt, pé ẹ ń gba abọ́ padà láìsí pé òfin kan ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n bá òun kí yín, ó sì tún fún mi ní páálí sí i. Wọ́n ti wà lójú omi.

Mo dúpẹ́, Àǹtí. Bí mo bá ń ṣa ìdọ̀tí láàárọ̀ tí ọwọ́ mi ń kú, tí mo bá ti rántí pé ẹ̀yin náà ń ṣe irú rẹ̀ níbẹ̀, ó máa ń dà bí ẹni pé a jọ wà nídìí iṣẹ́ kan náà. Ẹ fi ẹ̀gúsí díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi bí ẹ bá rí ẹni tó ń bọ̀.

Ọmọ yín,
Bilkis

Mile One, Diobu
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹwàá, ọdún 2021

Bilkis,

Mo kí ọ. Inú mi kò dùn, n kò sì ní fi pamọ́ fún ọ.

Abọ́ rẹ kò jẹrà. Bí mo ṣe gbé wọn dé Elelenwo ni wọ́n wà, funfun báláú. Má sì sọ pé n kò tọ́jú wọn. Gbogbo èyí tí wọ́n bá dá padà ni mo ń fi ọṣẹ àti kànrìnkàn fọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń sá a sí oòrùn kó gbẹ, kí n tó kó o lọ. N kò lè ru ọbẹ̀ ata àti eṣinṣin lọ da sórí ilẹ̀ tí wọ́n fi inú rere yá mi. Mo tò wọ́n jọ bí ìwé, mo fi páànù bò wọ́n kí òjò má baà pa wọ́n. Orúnkún mi tí o ń béèrè, ibẹ̀ ló ti tún bẹ̀rẹ̀. Ta ló tún máa tọ́jú nǹkan jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ní oṣù tó kọjá ni ìjì kan jà tó ká páànù náà lọ. Abọ́ fò káàkiri àdúgbò. Wọ́n wọ gọ́tà, gọ́tà dí, omi sì ya wọ yàrá àwọn tó múlé gbe Mama Chinda. Obìnrin kan gbé ọmọ jòjòló sórí tábìlì kí omi má baà gbé e. Mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo fi ọwọ́ mi ṣa èyí tí mo lè ṣà. Kò sẹ́ni tó bú mi. Wọ́n kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò mí.

Àwọn àgbà ibẹ̀ ti pe Mama Chinda. Wọ́n ní òun ló kó ìdọ̀tí Mile One wá bá àwọn, pé bí ilẹ̀ náà kò bá mọ́ kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, kò ní dáko níbẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ni o. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Kò pariwo. Ó ní, "Mama Bilkis, na you I know. I no know who make the plate."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju èébú lọ, nítorí òótọ́ ni. Èmi ló mọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló rà.

Nísinsìnyí, bí mo bá pe oníbàárà, á ní òun ń bọ̀, á sì kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Orúkọ tí wọ́n sì ń bà jẹ́ kì í ṣe Hassanat. Ìwọ ni wọ́n ń pè. Bilkis, ṣé o fi ojú ara rẹ rí i lóòótọ́ pé ó jẹrà, àbí wọ́n kàn sọ fún ọ ni? Dá mi lóhùn kíákíá.

Àǹtí rẹ,
Hassanat

Mile One, Diobu
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìíní, ọdún 2022

Bilkis,

Ọdún ti yí, n kò gbúròó rẹ. Bàbá Onne pè, o ò gbé e. Ó ní bóyá iṣẹ́ ni. Bí iṣẹ́ bá tilẹ̀ pọ̀, ẹnu kì í wúwo jù fún ẹni tó ni ín.

Bí ó bá jẹ́ ìwé tí mo kọ lo ń bínú sí, ya á. Ọ̀rọ̀ abọ́ ti kúrò lọ́kàn mi báyìí, ìwọ ni mò ń rò. Ṣé ara rẹ yá? Ṣé o ń jẹun? Sọ ọ̀rọ̀ kan péré, ìyẹn ti tó mi.

Àǹtí rẹ

Padova
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kìíní, ọdún 2022

Àǹtí mi,

Ẹ dárí jì mí. Ara mi yá. Ojú ló ń tì mí. N kò mọ ohun tí màá kọ sí ẹni tí mo sọ orúkọ rẹ̀ nù lọ́jà, mo sì ń sọ pé màá wá àlàyé kí n tó dáhùn. Mo gbàgbé pé ẹ̀yin náà ń dúró.

Mo fi ojú mi rí i lóòótọ́. Ohun tí n kò rò ni pé ibí nìkan ni mo ti rí i. Mo gbé ìwé yín tọ àgbà ibi iṣẹ́ wa lọ, obìnrin kan tó ti pẹ́ nídìí òkìtì yìí, mo ka gbogbo rẹ̀ fún un ní èdè wọn. Nígbà tí mo débi pé ẹ fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, ó di orí mú. Àǹtí, fífọ̀ yẹn ni. Àti gbígbẹ, àti títò bí ìwé, àti páànù. Ìdọ̀tí ló ń jẹ ìdọ̀tí. Ọbẹ̀ ata tí ẹ fọ̀ kúrò, òun ni ì bá bá a jẹrà. Ẹ tọ́jú wọn bí ẹni tó ń tọ́jú abọ́ ìyàwó, báwo ni wọn kò ṣe ní pẹ́ láyé?

Ẹ̀bi yín kọ́. Èmi ni n kò sọ fún yín, torí kò wá sí mi lọ́kàn pé ẹnì kan á fọ ohun tó fẹ́ kó jẹrà. Mo sì yẹ kí n mọ̀, èmi tí ẹ kọ́ láti fọ ike omi kí n tó jù ú nù.

Ohun tí obìnrin náà ní kí ẹ ṣe nìyí. Kí ẹ fa abọ́ náà ya wẹ́wẹ́. Kí ẹ kó wọn pọ̀ mọ́ èèpo ẹ̀gẹ́, àjẹkù oúnjẹ Mama Chinda àti ìgbẹ́ adìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, kí ẹ wọ́n omi sí i, kí ẹ kó o jọ ga, kí ẹ fi tapólì bò ó. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ ki igi bọ àárín rẹ̀, ẹ fà á yọ, ẹ fọwọ́ kàn án. Bó bá gbóná, ó ti ń ṣe é nìyẹn. Kí ẹ wá máa fi ṣọ́bìrì yí i pa dà lóòrèkóòrè. Yóò rùn díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ fara dà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbéṣẹ́ náà fún ẹni tí orúnkún rẹ̀ le.

Mo tún lọ bá Ọ̀gá Renzo. Nígbà tó gbọ́ pé ẹ fọ̀ wọ́n, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo dúró kó rẹ́rìn-ín tán. Mo wá bi í pé ta ló ni ẹrù àwọn èyí tó wà ní Elelenwo. Ó ní òun ti dá owó tòun fún gbogbo èyí tí òun tà ní ìlú wọn, pé òfin náà kò dé Port Harcourt. Mo ní, "Òfin yín kò débẹ̀, abọ́ yín débẹ̀."

Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ kan ń yí nínú mi. Wọ́n ń sọ níbí pé ẹni tó ṣe nǹkan ló yẹ kó gba ohun tó bá kù níbẹ̀. Ẹ̀yin kò ṣe abọ́ kankan, ẹ sì gba gbogbo rẹ̀ padà. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe gba èmi. Bàbá mi kú, ìyá mi lọ fẹ́ ẹlòmíì ní Ìlọrin, ẹni tó bí mi kọ́ ló gbà mí. N kò tíì dúpẹ́ rẹ̀ rí bó ṣe yẹ. Mo dúpẹ́.

Ọmọ yín,
Bilkis

Mile One, Diobu
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà, ọdún 2022

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ìwé rẹ dé, mo sunkún díẹ̀, mo sì rẹ́rìn-ín púpọ̀. Bàbá Onne ní láti ìgbà tí òun ti fẹ́ mi lòun ti ń sọ pé ìmọ́tótó mi á pa mí lára lọ́jọ́ kan.

Mo mú ìwé náà tọ Mama Chinda lọ, mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó dìde, ó lọ gbé garawa àjẹkù tó fẹ́ gbé dànù, ó gbé e ka iwájú mi. Mo mọ̀ pé a ti parí ìjà nìyẹn. Àwa méjèèjì la jókòó sórí àpótí tí a ń fa abọ́ ya. Ọmọkùnrin rẹ̀ ló ń fi ṣọ́bìrì yí i. Ó rùn, Bilkis. Ó rùn débi pé mo ní láti pààrọ̀ aṣọ kí n tó lè kírun. Àwọn aládùúgbò tún bẹ̀rẹ̀ sí í wò wá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo ki igi bọ̀ ọ́ tí mo fọwọ́ kàn án, ó gbóná bí ìkòkò. Mo kígbe pe Mama Chinda. Òun náà fọwọ́ kàn án, ó sì di mí mọ́ra.

Òjò ti dé báyìí. Abọ́ kò sí mọ́. Ilẹ̀ dúdú ló wà níbẹ̀, ó ń rún lọ́wọ́, kò sì rùn mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó pe Mama Chinda lẹ́jọ́ wá wò ó, ó bu díẹ̀ sọ́wọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní kí wọ́n fi díẹ̀ pamọ́ fún òun.

Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún ọ. Ìdérí kò jẹrà. Wọ́n ká kò, wọ́n rọ, síbẹ̀ wọ́n wà. A fi asẹ́ jọ wọ́n kúrò nínú ilẹ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ fọ̀ wọ́n, Mama Chinda gba kànrìnkàn lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Madam, no wash anything again."

Mo gbọ́ lórí rédíò pé irú òfin tí o sọ wà nínú ìwé ìjọba tiwa náà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kò lè máa retí òfin nígbà tí ìdérí wà nílẹ̀. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú páálí tí o fi kó wọn wá, Bàbá Onne sì bá mi wá ẹnì kan tó ń kó ẹrù lọ sí Ítálì. Gbà á, kí o gbé e fún Ọ̀gá Renzo. Ka èyí fún un bí mo ṣe kọ ọ́, má fi kún un, má sì yọ níbẹ̀:

"Ọ̀gá Renzo, mo kí yín, mo sì dúpẹ́ oore tí ẹ ṣe fún ọmọ mi. Abọ́ yín dára, ilẹ̀ ti gbà á. Ìdérí ni ilẹ̀ wa kò gbà. N kò bá yín jà. Ìyá mi máa ń sọ pé ẹ̀kọ lòun tà, òun kò ta ewé, wọ́n á sì lọ kó ewé wọn. Ọ̀nà yín jìn, ẹ kò lè wá kó o, ni mo ṣe gbé e wá. Ewé yín nìyí."

Àǹtí rẹ,
Hassanat

Padova
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹwàá, ọdún 2022

Àǹtí mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà, ẹ kú ọ̀rọ̀ èmi ọmọ yín.

Páálí náà dé. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la gbé e lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Renzo. Ó rò pé ẹ̀bùn ni. Nígbà tó ṣí i, ó mú ìdérí kan tó ti ká, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó ń yí i. Mo ka ìwé yín fún un. Ó ní kí n tún un kà. Ó bi mí pé ta ló rán yín. Mo ní kò sẹ́ni tó rán wọn. Ó jókòó.

Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀ gbé wọn wá sí ibi iṣẹ́ wa. Òkìtì tiwa níbí gbóná ju èyí tí ẹ kó jọ lọ fíìfíì, òun ló lè jẹ ìdérí náà. Ó dúró títí wọ́n fi dà wọ́n sí i, ó sì tún padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan láti wò ó pé wọ́n ti lọ. Obìnrin àgbà wa sọ pé láti ìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́ níbí, òun kò rí ẹni tó ṣe abọ́ kó wá wo òpin abọ́ rẹ̀ rí.

Ó ní kí n sọ fún yín pé òun kò ní kó ìdérí yìí lọ sí ibi tí òkìtì gbígbóná kò bá sí mọ́. Èyí tó bá ṣì wà ní Mile One, kí Bàbá Onne kó o wá, òun ló ni ẹrù rẹ̀. Abọ́ nìkan ni yóò máa fi ránṣẹ́ sí yín, ó sì ní kí n kọ ọ̀nà tí wọ́n fi ń mú un jẹrà sára páálí, ní Yorùbá àti ní Pidgin. Ẹ fojú inú wo ohun tí mo kọ sí òkè pátápátá: "Ẹ má fọ̀ ọ́."

Ohun kan kù. Mo pe ìyá mi ní Ìlọrin. Mo bi wọ́n bóyá á dùn wọ́n bí mo bá ń pè yín ní ìyá. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tó ti yẹ, pé àwọn rò pé ẹ̀yin ni kò fẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n máa pè yín bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tó gba ohun tí kò ṣe ni mo ṣe ń wò yín, n kò sì mọ orúkọ míì tó bá a mu.

Bilkis

Mile One, Diobu
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kejìlá, ọdún 2022

Bilkis, Àbẹ̀kẹ́,

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n ka irú ìwé yìí lójú ayé mi. Kí Ọ̀gá Renzo náà. Sọ fún un pé ọmọlúàbí ni, pé bí ó bá dé Port Harcourt, kò ní jẹun ní hòtẹ́ẹ̀lì.

Páálí tuntun ti dé. Àwọn oníbàárà dúró ka ohun tí o kọ sí i, wọ́n wo èmi, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rín in. Wọ́n ti ń yà padà, wọ́n sì ń kó abọ́ wá pẹ̀lú ọbẹ̀ lára rẹ̀. Èmi náà ń mú ara dúró kí n má fi omi kàn án. Mama Chinda ti gbin ugwu sórí ilẹ̀ dúdú náà. Èyí tó kọ́kọ́ já, ṣọ́ọ̀bù mi ló gbé e wá, ó so ó rọ̀ síwájú ibẹ̀ kí gbogbo ọjà lè rí i. Bí wọ́n bá bi í níbi tó ti rí ugwu tó tutù tó bẹ́ẹ̀, á na ìka sí mi, á ní "Ask Mama Bilkis."

Ọ̀rọ̀ tí o sọ kẹ́yìn wá kù. Mo kà á títí, ó sì bí mi nínú díẹ̀. Má fi ara rẹ wé abọ́ mọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, o di etí ìró mi mú láti páàkì títí dé ilé, o kò sì sunkún. Àwọn èèyàn ní ṣé mo lè ṣe é, ọmọ ọlọ́mọ. N kò gbà ọ́ torí pé o kù nílẹ̀. Mo gbà ọ́ torí pé o wù mí. Inú ilé kan tó dákẹ́ lo wọ̀, o sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Pidgin níbẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Èmi ló yẹ kó máa dúpẹ́.

Àwọn àgbà ní bí a bá jẹ ẹ̀kọ tán, à á dárí ji ewé. Mo ti dárí ji abọ́ rẹ, àti ìdérí rẹ, àti oṣù tí o fi dákẹ́. Ìwọ kọ́ ni ewé, ọmọ mi. Ìwọ ni ẹ̀kọ tí mo jẹ yó.

Ní ti orúkọ, n kò jẹ́ kí o pè mí bẹ́ẹ̀ nígbà tí o wà ní kékeré torí n kò fẹ́ jí ti ìyá rẹ. Bí òun bá ti fún mi, mo gbà á. Ẹ̀gúsí wà lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti ṣà á, ṣùgbọ́n n kò fọ̀ ọ́.

Èmi ni,
Ìyá Bilkis